Mo Kàn Ń Kọjá Lọ Ni

                                        Kampung Jeram Redan,
                                        Etí Odò Endau,
                                        Johor.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ògún, 1996.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Derani,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ọdún mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kí ara wa nìyẹn. Ṣé ara le? Rohani ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí àbúrò ti ń rìn? Iṣẹ́ wẹ́dà ńkọ́, ṣé ojú tó máa ń ta yín lálẹ́ ti fúyẹ́? Àwa náà wà níbí. Òjò ò pọ̀, odò ti fà, ẹja ò wọ́n, èso dúríànì ń já lu ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àǹtí Tiah ní kí n kí yín, wọ́n ní ṣé ẹ ṣì máa ń jẹ ẹ̀gẹ́ sísun àbí ìrẹsì ìgboro ti gba gbogbo ikùn yín. Ó tó. Mo ti kí yín tán, ẹ jẹ́ kí n bínú.

Lẹ́tà kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́ta. Mo kọ àkọ́kọ́ ní oṣù Òkúdù, mo sọ fún yín pé ilé-iṣẹ́ ọ̀pẹ kan ti kọ̀wé béèrè Òkè Redan lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ ò dáhùn. Mo kọ ìkejì ní oṣù Agẹmọ, mo ní kí ẹ wá dúró tì wá lọ́jọ́ tí àwọn ará ọ́fíìsì ilẹ̀ bá ń bọ̀. Ẹ ò dáhùn. Má wulẹ̀ sọ pé kò débẹ̀, nítorí awakọ̀ agbégi tí mo fi rán sọ fún mi pé ọwọ́ yín gan-an lòun fi í lé, pé ẹ ká a sí méjì, ẹ sì tì í bọ àpò. Ẹ wò ó, mo ti kọ "má wulẹ̀" sí ẹni tó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ẹ foríjì mí. Ibi tí ẹ mú ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè fi ohun tí mo fẹ́ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ wà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí tó ṣú, kí ẹ bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Bí ẹ ò bá wá, katakata ni wọn yóò fi hú ìyá yín.

Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òfin ọ̀hún kò le. Bí ilé-iṣẹ́ bá béèrè ilẹ̀, wọ́n á rán akọ̀wé wá wò ó. Bó bá rí sàréè tàbí oko èso àtọwọ́dọ́wọ́, wọ́n á yọ ibẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fún ilé-iṣẹ́ náà. Bí kò bá rí nǹkan, igbó lásán ni, kí wọ́n máa gbé e lọ. Àwa rèé, tí sàréè mẹ́rìnlá wà fún ní Redan, tí ìyá àgbà tó bí àwọn ìyá wa gbin igi dúríànì síbẹ̀ ní ìlà ní ìlà. Mo ní ìjà yìí ò tilẹ̀ tó ìjà. Kí wọ́n ṣáà ti gun òkè, kí Bàbá Àgbà na ọwọ́, kí akọ̀wé kọ ọ́. Wákàtí kan. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó fún mi lọ́jọ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù yìí ni wọ́n mú.

Ọjọ́ kẹta oṣù náà ni Bàbá Àgbà ṣí igbó.

Ẹ mọ̀ pé ìgbà tí dúríànì bá ń já ni wọ́n máa ń ṣí i, láti lọ wá ohun olóòórùn tó ń gbé inú igi, funfun báyìí, èyí tí àwọn ará ìlú ń kó sáàárín aṣọ. Oníṣègùn ará Ṣáínà tó wà ní Kluang ṣì ń béèrè rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló tẹ̀ lé Bàbá Àgbà lọ́dún yìí, àbúrò yín sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà Redan náà ni wọ́n máa gbà. Mo wo ìwé ètò mi, mo rí ìrìn méjì sí ibì kan náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, ẹ̀rọ rẹ̀ kan tó ń kú tó ń jí. Kí ni wọ́n kọ́ mi ní Kuala Lumpur fún ọdún mẹ́ta bí kì í bá ṣe pé kí n má ṣe ohun kan lẹ́ẹ̀mejì? Mo ní kí Bàbá Àgbà dúró de àwọn akọ̀wé ní Redan, kí wọ́n fi òkè hàn wọ́n, kí wọ́n wá máa bá ìrìn tiwọn lọ. Ìrìn kan, iṣẹ́ méjì.

Àǹtí Tiah wò mí, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Sepiah, ọbẹ̀ méjì nínú ìkòkò kan?"

Mo ní, "Àǹtí, iná kan náà ni."

Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Kí ló dé tí àwọn àgbà wa kì í fi í pariwo mọ́ ènìyàn nígbà tó yẹ?

Mo mọ̀ pé ẹ mọ òfin igbó jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè rí i pé èmi náà mọ̀ ọ́n, mo sì fojú fò ó. Bí igbó bá ti ṣí, àwa tó kù sílé, tiwa fúyẹ́: a ò gbọdọ̀ lọ iyọ̀ kúnná, a ò gbọdọ̀ dárúkọ ohun tí wọ́n ń wá, a ò gbọdọ̀ dárúkọ àwọn tó ń wá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí igbó, òun ló ru gbogbo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe nǹkan kan bó ṣe ń jẹ́. Ejò di okùn ilẹ̀. Ẹkùn di Bàbá Onílà. Ikú di oorun. Ohun tó bá sì ṣe iyebíye lójú rẹ̀, yóò sẹ́ ẹ ni. Ohun tó bá fẹ́, yóò ní òun ò fẹ́ ẹ. Ohun tó bá ní, yóò ní òun ò ní in. Nítorí Bisan, ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń wá, ń gbọ́ láti inú igi, kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ní nǹkan, àfi ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ tí wọ́n bá padà délé, tí gbogbo wọn jọ jẹun nínú àwo kan, ni ẹnu tó lè là.

Wàyí o, ọjọ́ kẹfà pé. Àwọn akọ̀wé méjì dé, ọ̀kan lo gíláàsì, èkejì gbé kámẹ́rà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ wa sì yan ọjọ́ náà láti kú. Èmi tí mo ṣètò gbogbo rẹ̀, etí omi ni mo wà, mo ń fi ẹsẹ̀ gbá ẹ̀rọ, mo ń bá awakọ̀ jà, nígbà tí ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé wọn lọ sókè. Nígbà tí mo fi máa gun òkè dé Redan, wọ́n ti parí. Abẹ́ igi ni mo bá wọn, wọ́n ń jẹ dúríànì. Onígíláàsì náà ti jẹ márùn-ún. Ó ń lá ìka. Ó ní, "Ọmọbìnrin, ẹ kú ètò o! Bàbá yín yìí ò ni wá lára rárá." Inú mi dùn! Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo tún bá a di méjì lọ sílé.

Àǹtí Tiah ni wọ́n wà níbẹ̀, àwọn ló gbé tíì lọ. Ẹnu wọn ni mo ti wá gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti bàjẹ́.

Onígíláàsì béèrè pé, "Bàbá, ṣé wọ́n sin àwọn ènìyàn yín síbí?"

Bàbá Àgbà wo òkè, wọ́n wo igi. Wọ́n ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Òfo ni."

Akọ̀wé náà rí àkàsọ̀ kékeré tó wà níbi orí sàréè ìyá yín. Ó ní, "Kí wá ni èyí?"

Wọ́n ní, "Ọmọdé ló fi ń ṣeré."

Ó ní, "Ta ló gbin àwọn igi wọ̀nyí?"

Wọ́n ní, "Èmi kọ́ o. Ẹyẹ ló su ún síbẹ̀."

Ó ní, "Ta wá ló ni ilẹ̀ ọ̀hún?"

Wọ́n ní, "Mi ò ní nǹkan kan. Mo kàn ń kọjá lọ ni."

Ó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ó kọ gbogbo rẹ̀! Ọkùnrin tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tu kóró dúríànì márùn-ún jáde, kóró tó tó àtàǹpàkò mi, òun ló jókòó tó kọ ọ́ pé ẹyẹ ló gbé e mì, tó sì su ún ní ìlà ní ìlà. Ẹyẹ wo? Ta ló fi okùn wọn ìdí ẹyẹ náà? Mo ti ka ìwé náà tó ìgbà ogún, gbogbo ìgbà tí mo bá dé orí ẹyẹ yẹn ni mo ń jù ú sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí ni ẹ̀dà rẹ̀ dé ọwọ́ Batin. Àmì àtàǹpàkò Bàbá Àgbà wà nísàlẹ̀, dúdú bí èédú, ìfọwọ́sí Batin, tó bá wọn lọ sórí òkè, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ sí i, kó wá sọ ọ́ kí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tó kọjá.

Mo gba ilé Batin lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ni wọ́n, mo mọ̀, olórí wa ni wọ́n, mo mọ̀. Mo dúró sí ìdí àkàsọ̀ ilé wọn, mi ò tiẹ̀ gòkè.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ṣé ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí i?"

"Mo rí i."

"Mi ò ní ṣé ẹ rí i. Mo ní ṣé ẹ kà á."

"Sepiah, ọkùnrin yẹn ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti ń wo aago, ká tètè dá wọn lóhùn kí wọ́n má bàa bínú lọ."

"Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá sọ, ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ sì dákẹ́!"

Wọ́n dìde dúró. Wọ́n ní, "Kí n ṣe kí ni? Bàbá mi ń sọ̀rọ̀, igbó ṣí, ọmọ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n dúró lórí òkè níbẹ̀, kí n sọ ọ́ sókè kí gbogbo igi gbọ́ pé irọ́ ni bàbá mi ń pa? Ta ló mú àlejò wá sínú igbó tó ti ṣí? Ṣé èmi ni?"

Mo yí padà, mo lọ. Mo ṣì ń bínú sí wọn, ẹni tó bá ń jẹ́ Batin yẹ kó lè ka ohun tó ń fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú àlejò wá.

Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn àná, mo ti wà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kan ló dá mi lóhùn. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ. Ó ní, "Àbúrò, èdè wo lo ń sọ yìí? Ṣebí èdè kan náà la jọ ń sọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níbí, ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbí." Ibi tó dun ènìyàn jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ èdè tí wọn ò gbọ́ ni Bàbá Àgbà sọ, wọn ì bá wá ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́ ni wọ́n sọ. Igbó nìkan ló yí i padà.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bá a jà, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó wá sọ pé ọ̀nà kan wà: kí a mú ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ igbó náà wá, kó búra, kó túmọ̀ èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe Batin, ó ti fọwọ́ sí òdìkejì. Kì í ṣe èmi, èmi ni mo kọ̀wé ẹ̀hónú, wọn kì í sì í mú obìnrin lọ sínú igbó, nítorí náà níbo ni mo ti kọ́ ọ? Kó jẹ́ ẹni tí kò sí lára àwọn tó wà lórí òkè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin nìkan ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ ti ń tẹ̀ lé Bàbá Àgbà, ìgbà méje lẹ lọ. Àwọn yòókù tó gbọ́ ọ, mẹ́ta wà nínú igbó báyìí, àwọn tó kù ti sùn sí Redan níbi tí akọ̀wé sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè ní kí Bàbá Àgbà fúnra wọn lọ sọ ọ́. Ẹ rò pé mi ò gbìyànjú ni? Orúnkún wọn wú lọ́jọ́ keje, àwọn ọmọ ni wọ́n gbé wọn dé etí omi, wọ́n sì padà sínú igbó láti máa bá iṣẹ́ lọ. Nítorí náà Bàbá Àgbà wà nílé, ṣùgbọ́n igbó ò tíì tì. Ẹnu igbó ni wọ́n ṣì ń sọ nínú ilé. Àǹtí Tiah béèrè bóyá wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, Àǹtí sì bu oúnjẹ. Wọ́n ní kí a má gbé omi wá, a sì gbé omi lọ. Bí kò bá jẹ́ pé inú ń bí mi, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Àná, bí mo ṣe ti ìlú dé, mo jókòó síwájú wọn. Mo gbé ìwé náà sórí ẹní. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé yín lọ. Ẹ kàn sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: ọmọ mi wà níbẹ̀. Ìlú ni ọ́fíìsì wà, Bisan ò gbé ìlú."

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó da iyanrìn sínú ìrẹsì. Wọ́n ní, "Etí ò ní ilé."

Mo ní, "Bàbá, wọ́n máa hú wọn."

Wọ́n wá sọ ọ́ lọ́rọ̀ igbó, èmi tí mi ò gbọ́ ọ dáadáa, mo gbọ́ èyí: "Ṣé kí n jí àwọn tó ń sùn, kí àwọn tó ń rìn lè wá dùbúlẹ̀ dípò wọn?"

Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ sọ pé àròbá ni, pé ìwé-ẹ̀rí mi wà lára ògiri. Àbúrò yín ló wà lọ́kàn mi. Mo rí i níbi tó sùn sí lábẹ́ ewé, tí Bàbá Onílà ń gbọ́ ohùn láti ilé wa. Mo gbé ìwé mi, mo jáde. Èmi! Mo sá fún ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì sọ.

Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbọ́. Èmi ni mo fi ipá so ìrìn méjì pọ̀, kí n má bàa pàdánù ọjọ́ kan, ọjọ́ kan náà ló fẹ́ gba Redan lọ́wọ́ wa. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ má bàa rò pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń bínú sí. Ṣùgbọ́n mò ń bínú sí yín o, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mo sùn sílé yín kí n tó wọ ọkọ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Alámùúlégbè yín wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ẹni tí mo jẹ́. Ẹ ní, "Ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, láti Muar." Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti di ará Muar, pé Dani ni orúkọ yín. Mo jẹ ìrẹsì yín, mo dákẹ́. Mi ò sọ fún Bàbá Àgbà, mi ò sọ fún àbúrò yín. Mo mọ̀ pé wọ́n lè pè yín ní Sakai, ẹrú inú igbó, níbi iṣẹ́, mo mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ta, wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí nínú kíláàsì, ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ ló sì wá yá ìwé mi kà nígbà ìdánwò. Mo tún mọ̀ pé ìwé tí mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí, orúkọ yín gan-an ló máa wà nínú rẹ̀, orúkọ ìyá yín, àti pé ẹ̀yà Jakun ni yín. Ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà ní ọ́fíìsì ìjọba títí ayé. Ìdí tí ẹ ò fi dá lẹ́tà mi lóhùn nìyẹn. Ṣé mo purọ́?

Ẹ̀gbọ́n Derani, ta ló kọ́kọ́ ṣe àkàsọ̀ yẹn? Ẹ̀yin ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni yín. Ẹ gé igi, ẹ fi pànkẹ́rẹ́ dì í, ìgbésẹ̀ méje, kí ìyá yín lè rí nǹkan gùn lọ sókè. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dì í. Ikán máa ń jẹ ẹ́, àbúrò yín ló ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ìgbésẹ̀ méje náà ni, kò jẹ́ kó di mẹ́fà rí. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba báyìí pé ọmọdé ló fi ń ṣeré. Bàbá Àgbà ní ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìdí tiyín?

Ètò rèé. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ń kúrò ní Johor Bahru ní aago méje, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Kluang, ẹ wọ ti Kahang. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún, èmi fúnra mi yóò wà ní ibùdókọ̀ Kahang láti aago mẹ́wàá. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, èyí tí orúkọ yín gan-an wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ká lọ rí Bàbá Àgbà, a ó lọ, a ó sì padà sí ìlú lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín, ẹ wá tààrà sí ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ Ajé, ẹ búra, ẹ padà. Mi ò ní bi yín ní nǹkan kan. Mo ti kọ ìwé náà sílẹ̀, ó wà nínú àpòòwé yìí. Lábẹ́ èsì kọ̀ọ̀kan mo fi àyè sílẹ̀ tí ẹ máa kọ ìtumọ̀ sí. Mi ò kọ ọ́ fún yín. Àyè yẹn, tiyín ni.

Ẹ bá mi kí Rohani gan-an. Ó ṣe dáadáa sí mi lọ́jọ́ tí mo sùn sílé yín, ẹja tó sè lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń rántí rẹ̀. Mi ò rò pé òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín. Ẹ bá mi fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ.

Kí ẹ tó pa lẹ́tà yìí dé, ẹ tún un kà láti òkè. Èmi Sepiah tí mo ní dípúlómà, tí mo máa ń sọ fún Batin pé ìwé ni ayé ń tẹ̀ lé báyìí, ẹ wá orúkọ ohun tí wọ́n lọ wá nínú rẹ̀. Ẹ ò ní rí i. Ẹ wá orúkọ àbúrò yín. Ẹ ò ní rí i. Iyọ̀ tí mo fi jẹ ẹja lálẹ́ àná, odidi ni mo fi eyín fọ́. Nítorí náà kí ẹ má rò pé mo ní kí ẹ wá nítorí pé mi ò gbà á gbọ́.

Èmi tí inú ń bí, tí mo sì ń retí yín,
Àbúrò yín,
Sepiah.

Mo tún ṣí àpòòwé náà. Bàbá Àgbà gbọ́ ìró báírò mi láti orí ẹní wọn, wọ́n ní ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n yíjú sí ògiri. Mo rò pé wọ́n ti sùn lọ, àfi bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan kún un fún yín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ yìí, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀: "Sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò rántí ojú rẹ̀. Kó má wá."